Ìrẹsì Mi Ga Dé Àyà, Ẹ̀jẹ̀ Tán Lára Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, bí ojú tilẹ̀ ṣì ń tì mí.

Àkùrọ̀ ni mo ń dá ní Lougba, ní ọ̀nà Bantè. Lọ́dún tó kọjá, ìrẹsì mi ga dé àyà, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo gbé ìdì kan lọ síbi ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, mo ń yan kiri. Ta ni kò ní yan?

Láti ìgbà náà, ìrẹsì nìkan ni Rósàlì, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta, ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sí i. Mo ní oúnjẹ tálákà nìyẹn. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Kí ló wá sí mi lọ́kàn? Pé ìyá ọkọ mi ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀! Mo sọ ọ́ sí i lójú, pé kó má fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́. Ìyá náà tú ọ̀já, ó sọ ọmọ kalẹ̀.

Ọjọ́ tí Rósàlì dákú, táksì ló gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Savalou. Ìyá ọkọ mi fò wọ inú táksì náà tẹ̀ lé wa, mi ò ráyè lé e. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ọmọ. Ó bi mí ohun tó ń jẹ. Mo gbójú sókè, mo ní ìrẹsì oko wa ni!

Ó mi orí. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn ní fọmasíọ̀n, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn dókítà, pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ ti fi kábọ́nì kún afẹ́fẹ́, pé kábọ́nì yìí ni ewé ń jẹ, ìrẹsì á máa ta yọyọ, ṣùgbọ́n irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ń dín kù nínú hóró rẹ̀. Kì í ṣe májèlé o, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó fún ọmọ. Ìrẹsì tí mo gbé síwájú pẹpẹ!

Wọ́n ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Tèmi kò bá tirẹ̀ mu. Ta ni tirẹ̀ bá mu? Ìyá ọkọ mi! Obìnrin tí mo ní ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló na apá, wọ́n fa tirẹ̀ fún ọmọ mi.

Nígbà tí ara ọmọ yá tí a sì délé, mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ó ní kí n dìde, kí n lọ ṣa ẹ̀wà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo fẹ́ lé àgbà kúrò lọ́jà. Ẹ má fi gíga ewé mọ oúnjẹ o! Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fẹ̀sùn kàn rí, tó jẹ́ pé òun ló gbà yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.