Bàbá Fódà àti Sáìtì Ẹgbẹ́ Ìlú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé ilé Olóyè Rufus, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, n'Ìwàrò-Ọ̀kà. Àwọn kan ti ń sunkún láti ẹnu géètì. Olóyè Rufus fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Olóyè béèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni ìyá kan tó ń jẹ́ Limota dáhùn, ó sì na fóònù sí i. Lórí sáìtì ẹgbẹ́ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, àwòrán Olóyè àti ti gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ "Àwọn Olóògbé Wa".

Olóyè pe Bàbá Zachariah tó ń bójú tó sáìtì náà. "Bàbá, ẹ ti pa mí o!"

"Ẹ má bínú, Olóyè," ni Bàbá dáhùn. "Mò ń gbé fódà yín kọjá ni, ọwọ́ mi yọ̀, ó bọ́ sáàárín àwọn olóògbé. Ẹ jẹ́ n mu tíì mi tán ná. Màá ti jí yín dìde kó tó di aago mẹ́wàá."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Fódà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú fáìlì nílé iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣí sáìtì, tí wọ́n gba ọ́fíìsì kékeré kan n'Ìkàrẹ́, òun ló sọ pé kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ náà. Bridget, akọ̀wé ẹgbẹ́, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá fódà, tí wọ́n sì ń kó àwọn ojú ewé sáìtì sínú rẹ̀. Bridget kábàámọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ojú ewé tó bá wà lábẹ́ "Ìtàn" láàárọ̀, á ti wà lábẹ́ "Ìrántí" lọ́sàn-án. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, Bàbá gan-an á máa wá a kiri.

Ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nílé náà. Ó tún ilé ìdáná Màmá Naomi, ìyàwó rẹ̀, tò. Ó kó iyọ̀ àti ṣúgà síbì kan náà, ó ní funfun ni àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí pásítọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, pásítọ̀ ní ọbẹ̀ náà dùn. Kò sì parọ́.

Ṣùgbọ́n ìjà tó le jù ni ti mẹ́nù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lókè sáìtì tí èèyàn ń tẹ̀ láti rí ohun tó ń wá. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá tò síbẹ̀.

"Bàbá, márùn-ún ti tó," ni Bridget sọ.

"Márùn-ún kẹ̀! Gbogbo ìlú yìí? Jẹ́ ká fi sí ogún."

"Márùn-ún, sà."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ mi. Mi ò lè wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́."

Wọ́n fà á títí di ọ̀sán, wọ́n wá parí rẹ̀ sí mẹ́fà. Bridget dúpẹ́, ó gba ilé lọ. Nígbà tó ṣí sáìtì nílé, ó rí i pé ìkẹfà ń jẹ́ "Àwọn Yòókù". Ó tẹ̀ ẹ́. Méjìlélógún tó kù ló jókòó síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ fódà yìí fẹ́ di wàhálà. Ẹgbẹ́ fẹ́ rán àwọn ọmọ ìlú kan lọ sí yunifásítì, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì wà lórí sáìtì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà gan-an, Bàbá gbé fọ́ọ̀mù lọ sí fódà tuntun. Gbogbo líǹkì tí wọ́n ti pín lórí Wásáàpù ò ṣí mọ́.

"Bàbá, àwọn ọmọ yìí máa pàdánù ọdún kan gbáko!" ni Bridget pariwo.

Bàbá sáré jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó dá fọ́ọ̀mù padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀, tí wọn ò tíì kọ fọ́ọ̀mù náà tán, lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ó ti padà síbi tó wà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó sú ẹ." Gbogbo wọn ló gbé fóònù, àfi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gift, ní Afin. Fóònù tirẹ̀ ò lọ. Bàbá gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó gun ọ̀kadà.

Ìdí gààrí tó ń yan ló bá a. "Ṣé ìwọ ni Gift? Èmi ni mo gbé fọ́ọ̀mù rẹ sọnù." Wọ́n jọ gun orí àpáta lẹ́yìn ilé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wọlé. Nígbà tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù náà tán, tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù, Bàbá sún kọ̀ǹpútà sí i. "Ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́ kó lè lọ. Mi ò gbọ́kàn lé ọwọ́ mi mọ́."

Gift ti wà ní yunifásítì báyìí.

Oṣù kìíní ọdún yìí ni Bàbá kú, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bridget jókòó ní ọ́fíìsì Ìkàrẹ́ láti tún sáìtì tò bó ṣe ń wù ú tipẹ́. Àyè kékeré kan wà lábẹ́ fódà kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè kọ nǹkan sí, tí àwọn ará ìta ò lè rí. Bridget ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Bàbá ti kọ nǹkan sí gbogbo rẹ̀.

"Mo gbé èyí sókè. Ìyá kan n'Ìkáràmù ò rí i, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́."

"Jimoh tó wà ní Kánádà ń wá àwòrán kíláàsì wọn. Mo fi síbi tó ti máa kọ́kọ́ rí i."

"Hafeez ní òun wá a títí, ó sú òun. Mo ti sún un mọ́ ọn."

Bridget rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe Màmá Naomi, ó kà á sí i létí. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

"Ka òmíràn fún mi," ni Màmá sọ.

Bridget kà á. Ó tún ka òmíràn. Nígbà tó fi máa ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, kò gbé fódà kankan kúrò níbi tí Bàbá fi í sí.