Ìgò Tí Gàníyù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rà

Gàníyù Bádéjọ kò mutí rí láyé rẹ̀. Kì í ṣe pé ó mu ún tó sì jáwọ́. Kò tọ́ ọ wò rárá ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹta ọdún 1986, nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń gẹrun ní Auburn Gresham, àdúgbò kan ní Chicago, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ṣìnáàpù. Ọmọbìnrin tó ń tajà nawọ́ sí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, omi inú rẹ̀ dà bí oògùn ikọ́. Gàníyù mirí. Èyí kéré. Ohun tí ènìyàn máa gbé fún ọ̀gá ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré. Ó nàka sí wisikí kan lókè, ìgò ràgàjì tó ní ọwọ́ lára bíi ti bútà.

"Ṣé páátì lẹ fẹ́ ṣe ni, sà?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ọmọ mi ló fẹ́ gba fíríìdọ̀ọ̀mù," ni Gàníyù fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò dúró gba ṣéńjì, òun tó máa ń ka kọ́bọ̀ lójú alájàpá.

Ọmọ Ìwó ni Gàníyù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni bàbá rẹ̀ fi í sẹ́nu iṣẹ́ panẹ́lì-bítà, iṣẹ́ àwọn tó ń fi òòlù lu ara mọ́tò tó ti rún títí yóò fi tẹ́jú padà. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó fọ aṣọ ọ̀gá, ó pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ nínú oòrùn, táyà lórí, nígbàkigbà tó bá ba iṣẹ́ jẹ́. Ohun yòówù kí ọ̀gá sọ, ìdáhùn kan ló ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé tí ọ̀gá fẹ́ fún un ní fíríìdọ̀ọ̀mù, bàbá rẹ̀ gbé ìgò ṣìnáàpù méjì àti páálí míníràà kan wá. Ọ̀gá gbàdúrà, ó sì fún Gàníyù níwèé ẹ̀rí. Bàbá yìí kì í jẹ́ kí otí wọ ilé òun, Mùsùlùmí ògidì ni, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ṣìnáàpù náà lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Otí ọ̀gá ni, kì í ṣe otí ẹni tó gbé e wá.

Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà ló ń jẹ ní Chicago. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ara mọ́tò ṣe ní Calumet City, kò sì sí òyìnbó kan níbẹ̀ tó lè na ilẹ̀kùn Buick tó ti wọnú bíi tirẹ̀. Ràhámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lansing. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: Mùstàfá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó wà ní yunifásítì, àti Kàfáyàtù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ní oṣù kìíní ni Mùstàfá wálé wá sọ pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ni, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, wọ́n a sì máa pe ara wọn ní ọmọ ìyá títí ayé.

"Kí lèrè ẹ̀?" Gàníyù bi í. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa ohunkóhun nìyẹn.

"Daddy, àwọn bàbá wọn ló ni àwọn company. Tí mo bá ti graduate, phone call kan péré, I have a job."

"Èló ni wọ́n ń gbà?" Ìbéèrè rẹ̀ kejì nìyẹn.

"Kò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ la máa fi ṣe pledge. Wọ́n á máa rán wa níṣẹ́, a máa fọ mọ́tò wọn, a máa call them sir. Lẹ́yìn ìyẹn, a ti di brothers."

Gàníyù bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré? Ọdún mẹ́fà ni tèmi! Àṣé àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn sin ọ̀gá." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Mùstàfá, ṣé o gbọ́? Wọ́n fẹ́ bá wa kọ́ ọ níṣẹ́ ilé."

"Kó kọ́kọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ná," ni Ràhámọ̀tù wí. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ní ọ̀sán Sátidé kan, Mùstàfá gbé ìdọ̀tí aṣọ wálé. Ràhámọ̀tù wà níbi iṣẹ́, Kàfáyàtù ti jáde. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ dìde, ó di àga mú, ó fi eyín gé ètè jẹ. Gàníyù ní kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Egbò róbótó-róbótó ló wà lórí orúnkún méjèèjì, gbogbo wọn bá ara wọn dọ́gba bíi pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú.

"Kí nìyí?"

"Ìdérí ìgò bíà ni. They made us kneel on them nínú basement."

"Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Nothing. Wọ́n kàn máa ń wá reason ni." Mùstàfá wo ilẹ̀. "Daddy, I want to quit. Kì í ṣe kneeling nìkan. On the final night, wọ́n ní..."

Gàníyù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Òun náà ká ṣòkòtò tirẹ̀ sókè. Àpá òkúta Ìwó ṣì wà níbẹ̀, ó dúdú, ó ń dán.

"Wò ó. Ṣé mo kú? Ṣé mo sá lọ? Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o fẹ́ máa bọ̀ wálé. Nínú ìdílé Bádéjọ, a kì í pa iṣẹ́ tì lágbedeméjì. Ohun tí ẹni tó jù ọ́ lọ bá ní kó o ṣe, ṣe é, má jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ni sà kò pa ẹnikẹ́ni rí. Má sì fi egbò yẹn han ìyá rẹ, kó má lọ dá wàhálà sílẹ̀."

Mùstàfá tú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ dé, ó fi fóònù pe bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà wọ́n wọlé pátápátá, ẹgbẹ́ sì ní kí kálukú mú ìgò otí kan wá.

"Mo mọ̀!" Gàníyù fi ìdùnnú kígbe. "Ìgò ọ̀gá nìyẹn. Bàbá mi náà gbé e."

"Daddy, mi ò tíì pé twenty-one, wọn ò lè tà á fún mi. Mo lè sọ fún wọn pé mi ò rí i rà."

"Kójú ó tì wá láàárín wọn? Èmi ló máa rà á."

Ọmọ náà wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bí Gàníyù ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn. Ó mú bébà kan, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí i pé láti ọwọ́ bàbá Mùstàfá sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọmọ òun. Téépù tó fi ń bo gíláàsì mọ́tò kó tó fín ọ̀dà ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ó wakọ̀ lọ síwájú ilé ẹgbẹ́ náà. Mùstàfá jáde pàdé rẹ̀, ó gba ìgò, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì dúró pa síbẹ̀.

"Wọlé, òtútù ń mú ọ," ni Gàníyù wí. Òtútù ló rò pé ó dá ọmọ náà dúró.

Ní àárọ̀ Sátidé, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Calumet City nígbà tí ọ̀gá ibẹ̀ pè é sí fóònù. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn, Ràhámọ̀tù ti ti Lansing dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Dókítà ṣàlàyé fún wọn, ó sì tún ṣàlàyé, nítorí Gàníyù kò gbà pé ọmọ òun ni wọ́n ń wí. Otí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara àgbàlagbà ọ̀mùtí lè gbà. Nígbà tó dákú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ sórí àga nínú yàrá abẹ́ ilé, wọ́n ní ó ń sùn, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n padà wá jí i, ó ti tutù.

Alfa Ṣàkírù, lémọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí wọn, àti Gàníyù ni wọ́n jọ wẹ òkú náà. Òórùn otí ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí omi dé orúnkún, Alfa dáwọ́ dúró. "Kí lèyí, Gàníyù?" Gàníyù gba bútà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi sórí àwọn egbò tó ti fẹ́ jinná náà. Alfa wò ó títí, ó wá ní, "A ó kírun sí i lára. Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀, kó máa sọ. Ọmọ wa ni."

Lóṣù kẹrin, yunifásítì pe ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọlábímtán, lọ́yà ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgò yẹn ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Tá a bá fi hàn pé àwọn ọmọ yẹn ló rà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún, wọn ò ní ọ̀nà àbáyọ. Ṣé ẹ mọ ẹni tó rà á?"

Gàníyù ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọlábímtán, tí kì í ṣe òmùgọ̀, yára fi kún un pé, "Bí ẹ bá mọ̀, ẹ má sọ fún mi."

"Ẹni tó rà á?" Ràhámọ̀tù ló sọ̀rọ̀. "Kí Ọlọ́run má fún un ní ìsinmi. Kó máa jẹun, kó má yó. Kó máa sùn, kó má sinmi." Lẹ́yìn gbogbo ìrun ló ń ṣépè yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ. Ọkọ rẹ̀ a sì jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, wọ́n gbé ìgò náà sórí tábìlì nínú ọ̀rá. Bébà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ kan tí òun àti Mùstàfá jọ wọ ẹgbẹ́ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mùstàfá sọ fún wọn pé òun kì í mutí," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n ka bébà yẹn sí i létí. Wọ́n ní bàbá rẹ ló fi ránṣẹ́, ṣé o fẹ́ dójú ti bàbá rẹ ni? Ó ní, No, sir. Wọ́n ní kó gbé e sẹ́nu, kó má gbé e sílẹ̀ títí yóò fi tán. Ó ní, Yes, sir."

Ọlábímtán dìde. Ó ní ta ló mọ ẹni tó kọ bébà? Ẹnikẹ́ni ló lè kọ irú ẹ̀ láti fi tan ọmọdé jẹ. Lóòótọ́, àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tí wọ́n fẹ̀sùn kàn nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n jókòó níwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Obìnrin tó jẹ́ alága yíjú sí Gàníyù: ṣé òun ló kọ ọ́? Ọlábímtán fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Rárá kan péré ló kù, ìdílé Bádéjọ ti jàre ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n Gàníyù mọ ohun tí rárá yẹn máa jẹ́. Ràhámọ̀tù á máa ṣépè lọ lẹ́yìn gbogbo ìrun títí ọjọ́ ikú òun, òun á sì máa ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ó dìde.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo rà á. Nílé wa, àwọn ọ̀gá la máa ń gbé e fún." Ó yíjú sí àwọn ọmọkùnrin náà. "Ẹ̀yin ni mo rà á fún. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fún un?"

Alága kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́tà ìdájọ́ dé lóṣù karùn-ún. Wọ́n ti ẹgbẹ́ náà pa fún ọdún kan. Àwọn ọmọkùnrin márùn-ún náà gba ìkìlọ̀, mẹ́ta nínú wọn sì gboyè jáde lóṣù yẹn gan-an. Ní ti bàbá tó ra otí fún ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó, àwọn ọlọ́pàá ní àwọn kò ní pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní àwọn ṣàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ibi ìgbìmọ̀ bọ̀, Ràhámọ̀tù ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ilé ló ti dúró, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá yín ní Ìwó, ṣé ó fún yín mu nínú ṣìnáàpù yẹn?"

"Rárá. Ilé ló gbé e lọ."

"Ẹ béèrè èrè. Ẹ béèrè iye." Ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ ò béèrè ẹni tó máa mu ún."

Láti ọjọ́ yẹn, kò ṣépè mọ́. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí i káàárọ̀, ó ń bá a pín owó ilé. Lẹ́yìn ìrun, á ká ẹní rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, á sì wọ yàrá Mùstàfá lọ, ibẹ̀ ló ń sùn báyìí. Lójú Gàníyù, èpè yẹn sàn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Lóṣù kẹjọ, Gàníyù gbé páálí òfìfo kan wálé láti ibi iṣẹ́. Alfa Ṣàkírù ti ní kí wọ́n kó aṣọ ọmọ náà fún àwọn tó nílò rẹ̀. Ó pe Kàfáyàtù.

"Lọ bá mi kó aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ sínú èyí."

Kàfáyàtù wo páálí náà. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ tààrà, kò kúnlẹ̀, kò gbójú sílẹ̀.

"No, Daddy. I'm not doing that."

Ohùn kan ti gòkè dé ọ̀fun Gàníyù, ohùn tí gbogbo ilé mọ̀, èyí tó máa ń béèrè pé ta lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó ti la ẹnu. Ó padà pa á dé.

"Ó dáa," ló wí.

Ọmọbìnrin náà lọ. Gàníyù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Rárá, ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́ ọmọkùnrin kan, kò kọ́ ọ ní i. Ó tú ìdí páálí náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì gbé e padà sínú bútù mọ́tò.