Òróró Lórí Ìwé Èsì Mi

Títí di òní, bí òróró bá kán sórí ìwé níwájú mi, ojú a tì mí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní àdúgbò Chikaji ni mo ti ń jẹun, èmi ni mo ń yẹ òróró wò kí wọ́n tó fi se ọṣẹ. Kò sí ọjọ́ kan tí òróró kì í kán sórí ìwé mi. Ó tọ́ sí mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú kẹ́mísírì ní yunifásítì tó wà ní Zaria níbí, mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti Tudun Wada títí dé Birni, inú ìlú àtijọ́. Kóòtù funfun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ni mo máa ń wọ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, nínú ooru, kí àwọn ará àdúgbò lè máa pè mí ní dókítà. Wọ́n sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kan tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ tó wú síwájú mi lọ́jọ́ kan, èmi náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo ń mi orí bí ẹni pé mo mọ nǹkan kan.

Òkè òkun ni ọkàn mi wà. Olùkọ́ mi kan, obìnrin Yorùbá tó ti kàwé níbẹ̀ rí, ló fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní kí n má kàn máa kọ̀wé sí gbogbo ilé ìwé tí mo bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí n wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tèmi. Iṣẹ́ tèmi dá lórí omi tí àwọn aláró ń dà nù ní Birni. Ó ní kí n ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí n bẹ olùkọ́ méjì kí wọ́n kọ̀wé nípa mi, kí n sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìdí tí mo fi fẹ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi báyìí pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kẹ́mísírì. Ó fa ìlà pupa sí i. “Irọ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù lo fẹ́ràn ní kékeré. Ohun tí o ṣe ni kí o kọ.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dá mi lóhùn. Àyè kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì fẹ́ fún mi, bí gbogbo ìwé mi bá lè dé kí oṣù tó parí. Ìwé èsì ìdánwò mi nìkan ló kù. Ilé ìwé wa ló gbọ́dọ̀ lẹ àpòòwé rẹ̀ pa, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, kí n sì fi í ránṣẹ́ bí mo ṣe gbà á. Akọ̀wé tó fà á lé mi lọ́wọ́, Hausa ni, ó kìlọ̀ fún mi pé, “Mallam, kada ka buɗe fa,” pé kí n má ṣí i o. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìgbéraga pé, “Na sani.” Mo mọ̀. Ẹ gbọ́ mi bí!

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ìwé tó ń lọ sókè òkun tí kì í kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ á ki àtàǹpàkò bọ òróró, á fi kàn án, á gbàdúrà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó ní kí n mú tèmi wá bó ṣe wà. Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo sọ fún un pé òróró tó bá kan àpòòwé kò tíì kan èsì tó wà nínú rẹ̀. Ìyá mi sọ̀rọ̀ láti orí àga tó wà lẹ́yìn mi.

“Haba, ọmọ mi. Ṣé wọn ò ní kí o má ṣí i ni?”

“Màmá, ẹ ò mọ̀ nípa nǹkan báyìí.”

Mo ya àpòòwé náà. Kì í ṣe nítorí àdúrà rárá. Mo fẹ́ kí ìjọ gbọ́ èsì mi ni. Mo gbé èsì náà fún alàgbà kan, ó kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìjọ pàtẹ́wọ́, mo sì wú bí búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ fi òróró kàn án, òróró sì tàn ká orí máàkì ọdún kẹta. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé náà padà, mo fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé.

Ìdáhùn tó ti òkè òkun wá kò gùn. Wọ́n ní ẹnìkan ti ṣí àpòòwé náà, àwọn kò lè lò ó, kí n fi òmíràn ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí oṣù parí. Mo sáré lọ bá akọ̀wé. Ó wò mí títí, ó ní, “Ba cewa ka yi ka sani ba?” Ṣebí o ní o mọ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé mìíràn máa gbà. Sai haƙuri, kí n ṣe sùúrù. Ẹlòmíràn ló gba àyè mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn tí kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà pé òróró pásítọ̀ ló ba ìrìn àjò mi jẹ́. Mo ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn ìyá mi máa ń wà níbẹ̀, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá sílé mi báyìí láti béèrè bí èèyàn ṣe ń wọlé sí yunifásítì lókè òkun. Gbogbo ohun tí olùkọ́ mi sọ ni mo ń sọ fún wọn, mo sì ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo rò ó. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa mú ìwé èsì tirẹ̀ wá fi hàn mí, òǹtẹ̀ ṣì wà lójú àpòòwé rẹ̀ digbí. Mo gbà á, mo ń sọ̀rọ̀ lọ, n kò mọ̀ pé èékánná mi ti ń họ ibi tí wọ́n lẹ̀.

Ìyá mi, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, gbọ́ ìró rẹ̀, ó nawọ́ sí ọmọbìnrin náà láti orí àga rẹ̀.

“Ọmọ mi, gba ìwé rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ọmọ náà gbà á. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti mọ̀ nípa nǹkan báyìí.