Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ojú Kọ̀ǹpútà Mi

Nígbà tí ojú mi fọ́, ilé iṣẹ́ oníke tí mò ń bá tẹ lẹ́tà n'Ísọlọ̀ ní kí n lọ sinmi. Sinmi kẹ̀! Ṣé ojú ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni? Ìka mi ṣì pé.

Àbúrò ìyàwó mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgọ́ Palace bá ní òun máa ṣe ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ fún mi. Ó gbé e dé, ó ní òun ti fi àwòrán òdòdó sójú ẹ̀, ṣé ó wù mí? Mo ní ó wù mí gan-an, pàápàá èyí tó pupa. Ẹ̀rọ náà ń fi imú sọ̀rọ̀, ó ń sáré bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n, ó sì ń ba Yorùbá jẹ́. Mo fara mọ́ ìyẹn. Èyí tí n ò lè fara mọ́ ni bí nǹkan ṣe fọ́n káàkiri ojú ẹ̀.

Mo bá fi gèlè ìyàwó mi di ojú àna mi, mo ní kó lọ mú ìgò epo wá nínú kíṣìnì. Àpótí tí òun fúnra ẹ̀ jókòó lé láàárọ̀, tí kò dá padà sáyè ẹ̀, ló fi ojúgun gbá. Ó pariwo, inú mi sì dùn. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá gbé nǹkan, kó dá a padà síbi tó ti gbé e. Bó ṣe to gbogbo nǹkan ojú kọ̀ǹpútà sórí ìlà kan nìyẹn. Bí mo bá ń tẹ bọ́tìnnì wálẹ̀, ẹ̀rọ á máa pè wọ́n lórúkọ. Lẹ́tà ló wà ṣìkẹta.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbà pé ká wá dán an wò. Bí mo bá dá kọ lẹ́tà, tí mo dá fi í ránṣẹ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí n ò bá lè ṣe é, ó parí.

A gbé ẹ̀rọ náà débẹ̀, ọ̀gá ò bá mi sọ̀rọ̀. Àna mi ló ń bi pé ṣé wọ́n máa jókòó, ṣé wọ́n máa mu omi, àfi bíi pé etí mi náà ti di. Inú bí mi. Mo tẹ bọ́tìnnì dé ìkẹta, n ò tiẹ̀ dúró gbọ́ orúkọ, mo ní kó ṣí. Orin fújì bú jáde látinú sípíkà tí àna mi rà l'Óṣòdì. Ó rọra sọ fún mi pé òun tún ojú ẹ̀ tò lánàá, torí pé níwájú àwọn èèyàn ńlá la ń lọ. Ó gbálẹ̀ de àlejò! Ó nawọ́ síbẹ̀, mo gbá ọwọ́ náà dànù.

Ọ̀gá sọ fún un pé, “Ẹ máa mú bàbá lọ sílé.”

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Mo padà sókè pátápátá, mo ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fetí sí i, títí mo fi bá lẹ́tà nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fi í ránṣẹ́. Fóònù dún lápò ọ̀gá. Ohun tí mo kọ ò ju pé ọjọ́ wo ni kí n wọlé.

Mo ń gbọ́ tí ọ̀gá ń tẹ fóònù. Àna mi kọ́ ló dá lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ mi ló fi imú kà á sí mi létí:

“Ẹ wá ní Mọ́ńdè, sà. Ẹ má pẹ́.”