Hóró Kan Lọ́rùn Tanímọ̀la

Ìyá Télọ̀ kì í fi abẹ́rẹ́ ṣeré. Ogójì ọdún ló fi ránṣọ. Bí abẹ́rẹ́ bá kán mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní jókòó títí yóò fi rí èyí tó kán. "Ara ọmọ ẹlòmíì laṣọ yìí ń lọ o!"

Tanímọ̀la, ajá ọkọ rẹ̀, kì í kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá. Nígbà tí Bàbá kú, ajá yìí nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń ṣọ̀fọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti òkè òkun dé láti wá mú un lọ, ó ní, "Bí Tanímọ̀la ò bá lọ, èmi náà ò lọ."

"Màmá, ta ló ní kò ní lọ?"

Ọmọ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó gba ìwé tí ajá yóò fi rìnrìn àjò bọ̀. Ìyá bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un.

"Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ni."

Ó parí síbẹ̀. Ẹ wo ọ̀lẹ ẹnu! Wọ́n tún ki nǹkan kékeré kan sábẹ́ awọ ọrùn ajá, inú rẹ̀ ni nọ́ńbà tó bá ìwé mu wà. Ìyẹn ni kò sọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbéra, ìyá ń fọwọ́ pa ajá lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan líle. "Yéè! Abẹ́rẹ́ mi ti wọ̀ ọ́ lára!" Ó fi omi gbígbóná fọ abẹ tó fi ń tú aṣọ. "Rọra, ọkọ mi." Ajá tẹrí ba, kò tilẹ̀ ké. Ìyá yọ ọ́ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó fi àkísà wé e, ó sọ ọ́ síná. Kò rò pé ó tó ohun à ń sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, obìnrin òṣìṣẹ́ kan fi ẹ̀rọ kékeré wá ọrùn ajá kiri. Ẹ̀rọ ò dún.

"Nọ́ńbà inú ìwé yìí dà? Láìsí i, ajá yìí ò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú."

"Ó wà níbẹ̀," ọmọ dáhùn. "Ojú mi ni wọ́n ṣe fi í sábẹ́ awọ. Kò ju hóró ìrẹsì lọ."

Ìyá sún síwájú. "Èmi ni mo yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ mi ni mo pè é."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọjọ́ yẹn gan-an ni fisà ìyá ń parí. Ilé ti di ti ẹlòmíì, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ọmọ ò lè bú ìyá. Ta ni ì bá bú, bí kì í ṣe ara rẹ̀? Ó lọ bẹ awakọ̀ tó gbé wọn wá pé kó gba ajá.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó na ọwọ́ sí ọrùn Tanímọ̀la láti kí i pé ó dìgbóṣe. Ajá rò pé abẹ́rẹ́ mìíràn ló fẹ́ bá òun yọ. Ó tẹrí ba, ó dúró jẹ́ẹ́.