Ọjọ́ Tí Màámi Jókòó Sínú Ẹrẹ̀

Màámi kì í rẹ́rìn-ín níta. Alhaja tó ń ta aṣọ ní ọjà Ochanja nílẹ̀ Ìgbò ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé ẹ̀rín àrínjù kò yẹ àgbà. Ẹnu yà mí nígbà tí wọ́n wọ bàtà rọ́bà láàárọ̀ Sátidé kan, tí wọ́n bá àwa ará àdúgbò lọ ṣa ìdọ̀tí nínú igbó etí Odò Ọya.

Ọ̀rá piọ́ wọ́tà la ń ṣà sínú àpò, títí a fi kan táyà ọkọ̀ kan tó rì sínú ẹrẹ̀. A so okùn mọ́ ọn, gbogbo wa sì dì í mú. Ìyá Ìgbò tó múlé tì wá ló ń pariwo: "Oya, draw am!"

A fà á, fà á, kò mira. Lójijì ló já jáde, la bá ṣubú sẹ́yìn lura wa. Màámi jókòó gbì sínú ẹrẹ̀, ìyá Ìgbò sì jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀. Mo sáré lọ bá wọn.

"Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé ẹ ò fara pa?"

Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fọwọ́ lu ẹrẹ̀ bí ọmọdé. Ẹ̀rín náà ràn wá, mo rín títí ìhà fi ń dùn mí. Mo nawọ́ láti fà wọ́n dìde, wọ́n gbá a dànù.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ lọ wá táyà mìíràn!"

A rí méjì sí i, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú okùn lọ́wọ́ wọn.