Ọjọ́ Tí A Kò Ṣí Pèpéle

Ọdún tí àrùn Kòrónà dẹwọ́, tí àwọn ilé ọtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn padà, ni ohun tí mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin ọmọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Kwangila, àdúgbò wa lókè Ọya níhìn-ín. Gìtá béèsì ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin tó máa ń ṣeré nílé ọtí Ọ̀gá Ìdòwú lọ́sàn-án Sọ́ńdè, bí àwọn èèyàn bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì tún jẹ́ ojo. Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi a máa wò ó, n ó sì tún béèrè ẹni tó pọ́n ọn.

Adúkẹ́, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni akọrin wa. Lọ́jọ́ kan, olówó kan tó máa ń ra ọtí fún gbogbo tábìlì gun pèpéle, ó fà á mọ́ra níbi tó ti ń kọrin. Adúkẹ́ tì í sẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọ̀gá Ìdòwú ní kó má padà wá mọ́.

Ó ní, “Oníbàárà mi ni. Akọrin pọ̀ nígboro.”

Àwa olórin pàdé nílé mi ní àdúgbò Gyellesu. A ní a ò ní ṣeré títí Adúkẹ́ yóò fi padà, tí Ọ̀gá yóò sì gbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun pèpéle láìgbàyè. Ohùn mi ló ròkè jù. Inú ilé mi ṣáà ni mo wà.

Kí Sọ́ńdè tó pé, a gbọ́ pé Ọ̀gá ti ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ mìíràn láti Kàdúná. Adúkẹ́ ní ká lọ jókòó síwájú pèpéle.

“Ká wá ṣe kí ni?” mo bi í.

“Ká jókòó náà ni, Bùọ̀dá Sámú. Bí ìjà bá bẹ́, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí abẹ́ àga.”

A lọ. Àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù ni mo yàn. Mo ní ooru ń mú mi. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbọ́, àṣà kan wà láàárín àwa olórin níhìn-ín. Ẹgbẹ́ tó bá ti ìlú mìíràn wá kì í gun pèpéle títí àwọn onílé yóò fi fi orin kan gbà wọ́n lálejò. Ṣíṣí pèpéle là ń pè é. Bàbá Yákúbù, afunfèrè tó jẹ́ olórí àwọn ará Kàdúná, wọlé, ó kí wa, “Sannunku,” ó sì jókòó. Ìlọrin ni ìyá rẹ̀ ti wá, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Ọ̀gá Ìdòwú ní, “Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Èrò ti ń dé.”

“Àwọn onílé ò tíì ṣí pèpéle.”

“Èmi ni mo ni ilé.”

“Ilé ni o ni.” Ó wá kọjú sí mi, nítorí ewú orí mi. “Àgbà wọn, kí ló dé?”

Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo Adúkẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi: “Ẹnìkan gùn ún láìgbàyè, ó fa akọrin wa. Ẹni tó fà á ń mutí, ẹni tí wọ́n fà ni wọ́n lé.”

Bàbá Yákúbù dá fèrè rẹ̀ padà sínú àpótí.

“Haba, Ìdòwú. Èmi tí mo ti Kàdúná wá ń tọrọ àyè, ọ̀mùtí kò ní tọrọ?”

Ó fa àga rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Báyìí ni ẹgbẹ́ méjì jókòó, tí pèpéle ṣófo. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orin. Àwọn kan dìde, wọ́n ń lọ. Ọ̀gá wá bá Adúkẹ́: “Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun orí pèpéle.”

Adúkẹ́ kò mira. “Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú máìkì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun pèpéle láìgbàyè.”

Ó sọ ọ́, gbogbo ilé gbọ́. A ṣí pèpéle. Mo ṣi ohùn mú, fèrè Bàbá Yákúbù ló bò mí láṣìírí.

Òfin yẹn ṣì dúró ní Kwangila, Adúkẹ́ sì ń kọrin níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n olówó yẹn kàn kó owó rẹ̀ lọ sí ilé ọtí kan ní Samaru ni, níbi tí àwọn ọmọbìnrin akọrin kò tíì ní ẹni tí yóò bá wọn jókòó. Gbèsè ìyẹn wà lọ́rùn wa. Àwọn ọmọbìnrin náà ti ránṣẹ́ sí wa, Adúkẹ́ sì ti ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ la ó lọ. Ẹ bá wa ká lọ. N ó wà níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà fi àga ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún mi.